Ohun tí Olùkọ́ ń Wò nínú Ìdánwò Ìgbànú Karaté

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bá le jù, tí ó sì lè ju ẹsẹ̀ sókè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ni ìgbànú tọ́ sí. Bí ìwọ náà bá gbà bẹ́ẹ̀, tí o sì ń múra ìdánwò, mo rọ̀ ọ́ kí o tún inú rò. Agbára kọ́ ni olùkọ́ kọ́kọ́ ń wò.

Ìgbànú wọ̀nyí kì í ṣe ohun àtayébáyé bí àwọn kan ti ń rò. Kano Jigoro, ẹni tí ó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, ni ó mú ètò ìpele wọ inú eré ìjà ilẹ̀ Jàpáànù. Funakoshi Gichin, ọmọ erékùṣù Okinawa, mú un lò nínú karaté, ó sì kọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìgbànú dúdú ní 1924. Shodan ni wọ́n ń pe ìpele àkọ́kọ́ ìgbànú dúdú. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìpele ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kí ẹni tí ó gbà á má ṣe rò pé òun ti dé òpin ẹ̀kọ́.

Jẹ́ kí a mú ẹ̀ka Shotokan. Nínú kihon, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. Orúnkún iwájú gbọ́dọ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nà, gìgísẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní ìdúró, ariwo aṣọ lásán ni. Bí ọwọ́ kan ti ń lọ síwájú, kí èkejì máa padà sí ìbàdí. Ọwọ́ tí ń padà yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé nígbà tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, ìdí sì nìyí tí àwọn olùkọ́ kan fi ń jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ kí wọ́n tó tẹjú mọ́ ọ.

Kata Heian Shodan ní ìṣísẹ̀ 21, ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni o sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ sí. Bí o bá ṣàṣìṣe, má rẹ́rìn-ín, má wolẹ̀, má sì tọrọ gáfárà. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ lè fojú fo ìṣísẹ̀ kan tí ó yẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fojú fo ojú tí ó kúrò lára ọ̀tá.

Inú kumite, ìjà ẹni méjì, ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Bí a bá ní kí o ta ẹ̀ṣẹ́ sí ojú, ojú gan-an ni kí o ta á sí. Bí o bá dárí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nítorí àánú, irọ́ ni o pa fún ẹnìkejì rẹ: yóò rò pé òun mọ bí a ti ń dènà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó bá wá kan ìwọ láti dá a padà, kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ dúró nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó kan ara. Ẹni tí ó bá ká eyín ẹlòmíràn nínú ìdánwò kò fi agbára hàn rárá. Ó fi hàn pé òun kò lè kó ọwọ́ ara òun ní ìjánu.

Àwọn kan a máa sọ pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sanwó, tí ó sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò yẹ kí a já a. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí pàápàá. Èmi kò gbà. Ẹni tí a fi àánú fún ní ìgbànú ni a óò fi síwájú àwọn ọmọ kéékèèké lọ́la kí ó máa kọ́ wọn. Òun náà ni yóò gbójú lé e ní òru níwájú ẹni tí ó mú ọ̀bẹ dání, onítọ̀hún kò sì ní wo àwọ̀ ìgbànú.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní kò tíì tó àkókò, tẹríba fún un, kí o sì bi í léèrè ibi tí ó kù sí. Bí kò bá lè tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ tàbí ojú rẹ, nígbà náà ni o tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.