Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn: Yàrà Erédò Súngbọ́ Kì í Ṣe Ilẹ̀ Títà

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn,

Erédò Súngbọ́, ìyẹn odi àti yàrà tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ń di wíwó lójú ìjọba, lójú ọba, àti lójú gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ bá dé ibi tí odi yìí gbà kọjá, katapílà ni ó ń pè. Katapílà a ti òkìtì amọ̀ tí ó wà lápá inú sínú yàrà, ilẹ̀ a tẹ́jú, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Iṣẹ́ tí àìmọye ènìyàn fi ọkọ́ àti agbọ̀n ṣe kì í ju òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ kí ó tó parẹ́, ẹnì kan kì í sì í bi ẹni tí ó wó o pé ta ni ó fún un láṣẹ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dunni wọra ni pé kì í ṣe pé ìjọba kò mọ iyì àlejò. Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àjọ̀dún Ojúde Ọba máa ń kó èrò wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó, láti London àti láti Amẹ́ríkà. Àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin, àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí a fi ọjọ́ orí pín, a wọ aṣọ tí ojú kì í sú láti wò, àwòrán wọn a sì kárí ayé. Àwọn aláṣẹ a bá àwọn ènìyàn jókòó sórí àga ọlá, wọ́n a sì sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò afẹ́ àti owó tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àjọ̀dún bá parí tí àlejò kan bá sọ pé òun fẹ́ rí ohun tí ó pẹ́ ju aṣọ àti ẹṣin lọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ni a ní láti fi hàn án? Yàrà tí wọ́n fi ilẹ̀ dí, àti odi tí ilé jókòó lé lórí.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé Erédò fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lè yé gbogbo ènìyàn ohun tí a ń pàdánù. Yàrà ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Odi ni òkìtì tàbí ògiri tí a fi amọ̀ inú yàrà náà mọ sí apá inú. Ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ó ní odi àti yàrà, ṣùgbọ́n ti Erédò yàtọ̀, nítorí kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ni ó yí ká bí kò ṣe odidi ilẹ̀ ọba kan. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ilẹ̀ tí ó yí ká fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù àti 35 kìlómítà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ní àwọn ibì kan, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó odi, ó ga tó 20 mítà, èyí tí ó ju ilé alájà márùn-ún lọ. Inú ilẹ̀ pupa líle ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró gbọnrangandan títí di òní ní àwọn ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì bà jẹ́, tí igbó ṣíji bò ó, tí ewédò sì bo ara rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè ti ń dárúkọ iṣẹ́ yìí kí a tó bí baba ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí tí ó jẹ́ awakọ̀ ojú omi, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Geebuu, èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé Ìjẹ̀bú ni, àti pé yàrà ńlá ni ó yí i ká. Ní 1959, Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, kọ àpilẹ̀kọ lórí Erédò. Lẹ́yìn náà ni Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn, ìyẹn onímọ̀ tí ó ń hú ilẹ̀ láti fi wá ìtàn, rìn kiri inú igbó náà, ó wọ̀n ọ́n, ó yà á sínú àwòrán ilẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1999. Ìṣirò Darling fi hàn pé amọ̀ tí wọ́n kó láti inú Erédò tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà kúbíìkì, èyí tí ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan ju òkúta tí wọ́n fi kọ́ Pírámíìdì ńlá ti Gíza ní Íjíbítì lọ. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ọjọ́ orí rẹ̀: àwọn kan sọ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n sì hú ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn Darling gbé e sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Inú ilẹ̀ odi náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tí yóò yanjú àríyànjiyàn yìí wà. Gbogbo ibi tí katapílà bá ti yí ilẹ̀ náà pò, ẹ̀rí ibẹ̀ ti bàjẹ́ láéláé. Kò sí owó tí a lè fi rà á padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìṣirò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀bú sọ pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó ni ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́, kò bímọ. Nígbà tí ó mọ̀ pé kò sí ọmọ tí yóò gbẹ̀yìn òun, tí yóò máa jẹ́ orúkọ òun lẹ́yìn ikú, ó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè máa rántí òun. Ní Òkè-Èrì, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibojì rẹ̀ wà títí di òní. Mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀, onígbàgbọ́ ń lọ síbẹ̀, oníṣẹ̀ṣe ń lọ síbẹ̀ láti tọrọ. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣéba tí ìwé mímọ́ dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí Erédò kò bá ti ọbabìnrin náà mu. Ìgbàgbọ́ oníkálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn fi ẹnu kò sí ni pé obìnrin tí kò rí ọmọ bí sọ yàrà yìí di ọmọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àìrọ́mọbí jẹ́ láàárín Yorùbá, tí ó mọ èébú tí ó wà nínú rẹ̀ àti ẹkún òru tí ó ń mú wá, yóò mọ̀ pé kò yẹ kí a tún pa Súngbọ́ lọ́mọ. Gbogbo ibi tí a bá ti dí yàrà náà ni a ti ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kí ni a ó sọ fún àwọn tí ń kúnlẹ̀ ní Òkè-Èrì? Ṣé a ó sọ fún wọn pé ibojì nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ìyá, pé a ti ta ohun tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì?

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbógun wọ Ìjẹ̀bú ní 1892 pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Erédò kò parẹ́. Òjò ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ti rọ̀ sórí rẹ̀; kò parẹ́. Ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó wá ń parẹ́ sí, lábẹ́ ìjọba tí àwọn ènìyàn fi ìbò yàn.

Gómìnà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára òun. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, ó sì fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà bí ire gbogbogbòò bá béèrè rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi àwọn ibi ìtàn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè bá kéde sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣe òfin lórí àwọn yòókù. Ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí aráàlú mọ̀ sí C of O, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ìwé láti kọ́lé sórí Erédò, orúkọ ìjọba ni ó fi wó o. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ láìgba ìwé, ojú ìjọba ni ó ṣe é. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò, pẹ̀lú odi Ẹ̀dó ní Benin, sínú àkójọ àwọn ibi tí ó ń gbèrò láti fi síwájú UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún, èrò ọkàn lásán ni ó ṣì jẹ́, nígbà tí ohun tí a ń gbèrò lé lórí ń dín kù.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín kò fara sin. Àkọ́kọ́, kí ẹ pàṣẹ pé kí katapílà dúró, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ tàbí ìwé ilé kíkọ́ mọ́ ní ibikíbi tí odi náà gbà kọjá, títí tí a ó fi mọ ààlà rẹ̀. Èkejì, kí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn àti àwọn àgbà abúlé tí wọ́n mọ inú igbó, rìn ín já, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sí gbogbo ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ẹnì kan má baà sọ mọ́ pé òun kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò dárúkọ Erédò ní pàtó, tí yóò sì sọ ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá ba odi tàbí yàrà náà jẹ́. Kí a san owó ohun ọ̀gbìn àti owó ilé fún àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn bá kàn án, nítorí àgbẹ̀ tí ó jogún oko lẹ́bàá yàrà kò ṣẹ̀ ìjọba, kò sì yẹ kí a fi ìyà rẹ̀ tọ́jú ìtàn. Kí ẹ bá ìjọba Èkó sọ̀rọ̀, nítorí apá gúúsù odi náà wọ agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìlú kan tilẹ̀ ti ń jẹ́ Erédò. Kí ẹ sì gba àwọn ọmọ abúlé síṣẹ́ ọlọ́dẹ àti afinimọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ yẹn ni kí ẹ má ṣe fojú kéré, nítorí òfin nìkan kò tó. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú, lÉkòó, tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà wálé, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọn fi ọgbọ́n ilé kíkọ́ ilẹ̀ Brazil kọ́, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Òfin wà, ìkéde wà, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣì wà, nítorí pé àwọn ènìyàn dúró tì í: Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo dìde sí àwọn agégi àti àwọn tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ igbó náà, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì gbà á ní 2005. Lónìí, àwọn tí ń sin Ọ̀ṣun ní Brazil ń wá síbẹ̀, nítorí pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀ tí ojú wọn lè rí.

Àrùn àìbìkítà fún ohun àtijọ́ kò mọ sí Ìjẹ̀bú. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fi àpáàdì tẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹní wà lábẹ́ àwọn àdúgbò tí ilé tuntun ń kún. Ní Igbó Olókun níbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni ó ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú ilẹ̀ ọba tí ó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá rí, ti di ahoro láti nǹkan bí ọdún 1835 tí àwọn ará rẹ̀ ti sá kúrò, inú igbó ọba ni ó wà báyìí, mélòó sì ni ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ ti mú débẹ̀ rí? Ọmọ tí kò rí odi àwọn baba rẹ̀ rí yóò gbàgbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un pé inú ahéré ni wọ́n gbé títí tí òyìnbó fi dé. Irọ́ ni, Erédò sì ni ẹlẹ́rìí tí ó tako irọ́ náà. Ẹlẹ́rìí yẹn ni a ń fi katapílà pa.

Ọlọ́lá Jùlọ, àṣẹ tí yóò dá katapílà dúró kò ju ojú ìwé kan lọ, ẹ̀yin nìkan ni ẹ sì lè fọwọ́ sí i lónìí. Ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá ṣe é, ìtàn kò ní bi ẹni tí ó ra ilẹ̀ tàbí ẹni tí ó wa katapílà. Gómìnà tí ó wà lórí oyè nígbà tí Erédò parẹ́ ni yóò dárúkọ.