ÌTÀN ÌLÚ TÍ A TÌ MỌ́ INÚ ÀPÓTÍ

Ẹ̀yin Olóyè wa, àti ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń ka ìwé yìí lóṣooṣù, a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ tí kì yóò dùn mọ́ gbogbo yín nínú, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó bínú sí wa. Ní ìpàdé kan tí ó kọjá, a dábàá pé kí a fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà Imini sílẹ̀, kí a ya àwòrán àwọn ìwé àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ìdílé gbogbo, kí a sì kó wọn jọ sí ibi tí ọmọ ìlú yòówù, ìbáà wà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ti lè rí wọn. Olóyè kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi sì dìde, ó ní ìtàn kì í ṣe ẹrù ọjà tí a ń tẹ́ sílẹ̀ kí tọmọdé tàgbà máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ìpàdé pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa kò pàtẹ́wọ́, ìdí rẹ̀ ni a sì ń kọ sílẹ̀ yìí.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè sọ̀rọ̀ lórí ìtàn Ọ̀yọ́ kí ó má dárúkọ Àlùfáà Samuel Johnson. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ń gbé orúkọ náà gẹ̀gẹ̀ ni kò mọ̀ bí ó ti kù díẹ̀ kí ìwé rẹ̀ má sí rárá. Olùṣọ́-àgùntàn ni ọkùnrin náà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin àti àwọn tí ojú wọn rí ogun, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù. Ní ọdún 1916, a tún dì í sínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Appam. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tó bí ọdún méjì kí ìdì ìwé náà tó kan àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Dókítà pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú.

Ogún ọdún ó lé mẹ́rin! Gbogbo ohun tí ìran Ọ̀yọ́ rántí nípa ara rẹ̀ wà nínú ìdì kan ṣoṣo, lórí omi, láàárín ogun. Bí Johnson bá ní ohun tí ọmọ kékeré ń lò ní Fìdítì lónìí láti fi wo bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìbá fi ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá, ìbá sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú mẹ́wàá kí ó tó jẹun alẹ́. Àwa ní ohun náà lápò. A sì tún ń kọ́ àpótí.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni a fẹ́ dá lẹ́bi, a ó sọ ẹ̀bi tiwa. Nígbà kan a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Imini kí wọ́n lọ fi etí ara wọn gbọ́ ìtàn, kí wọ́n má kàn máa ṣe àdàkọ rẹ̀ láti inú ìwé. Ìyá àgbà kan, tí ó sọ fún wọn pé òun ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ki oríkì ìdílé rẹ̀, ó sọ bí ìyá rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà, ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń lọ àti ibi tí wọ́n ti ń sinmi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi fóònù rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Ó tó wákàtí kan. A yìn ín, a ní kí ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. A kò sọ fún un pé kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Láàárín oṣù kan, olè já fóònù náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. A ní a ó padà lọ bá Ìyá lẹ́yìn ìdánwò. Ìyá kú ní àkókò Lẹ́ńtì, a sì wà lára àwọn tí ó sìnkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi wá léèrè lójú oórì pé níbo ni ohùn ìyá àwọn wà. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ kò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà kì í ṣe pé àwa gbà pé fóònù ní agbára kan nínú ara rẹ̀. Ìwé inú àpótí àti ohùn inú fóònù kan ṣoṣo, ìdọ́gba ni wọ́n: èyí ń dúró de ikán, èyí ń dúró de olè. Ẹ̀dà púpọ̀ ní ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń gba ìtàn là. Ní ọdún 2018 iná jó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ní Rio de Janeiro, ní 2021 iná tún jó ibi ìkówèésí Yunifásítì Cape Town. Ilé òkúta ni wọ́n, ìjọba àti ọ̀mọ̀wé sì wà nídìí wọn. Kí ni a wá fi ṣe ìgbéraga lórí àpótí abẹ́ ibùsùn?

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí bàtà gbé ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin Olóyè wa, kì í ṣe ọlá ìtàn ni ó ń mú yín fà sẹ́yìn, ẹjọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà yín pé ohun tí bàbá kan bá sọ sínú ẹ̀rọ lónìí, lọ́yà yóò gbé e jáde lọ́la nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. A kò fi ìbẹ̀rù yín ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kọ ìròyìn lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá: ẹni tí ó tẹ ìlú dó, ìdílé tí ń jọba, ibi tí ààlà gbé wà. Ìwé irú bẹ́ẹ̀ kún Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbẹ̀ sì ni àwọn lọ́yà ń sáré lọ bí ẹjọ́ bá dé. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wa, tí ògbufọ̀ ń sọ̀rọ̀ sí létí, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń borí ọ̀rọ̀ àgbà ìlú níwájú adájọ́, nítorí pé tirẹ̀ wà lórí ìwé tí ó ní ọjọ́ nínú, tiwa sì jẹ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ní ọjọ́ tí ìjà dé. Ta ni àpótí yín ń gbè, ẹ̀yin tàbí Ajẹ́lẹ̀?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí ìjà. A kò ní kí ìgbìmọ̀ kan jókòó kí wọ́n yan ìtàn kan, kí wọ́n sì pa ìyókù lẹ́nu mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ìdílé méjì bá sọ ohun méjì, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, agbo-ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí ó gbọ́ ọ hàn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á lẹ́yìn wa yóò fi ojú ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní ti awo, a kò bèèrè awo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ni wá. Àwa pẹ̀lú mọ ọ̀rọ̀ tí kì í jáde kúrò ní yàrá tí a ti sọ ọ́. Ohun tí onílé kò bá fi lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan ń wí pé kí ni ayé fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Imini ṣe. Ìdáhùn wa nìyí. Lẹ́yìn tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú àwọn ọkọ̀ olówò ẹrú lójú òkun, a sì ń kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé ní Freetown àti ní Havana, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ti ga tó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Emory, ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, ṣa orúkọ 91,491 ènìyàn jọ láti inú irú ìwé wọnnì, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ké sí gbogbo ẹni tí ó bá mọ orúkọ kan pé kí ó wá sọ irú ẹ̀yà tí ń jẹ́ ẹ. Kí ni ìdí? Nítorí pé akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti akọ̀wé Spéìnì ń kọ ohun tí etí wọn bá gbọ́. Ọmọkùnrin Òṣogùn nì, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun gbà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀pù ní 1864, Adjai ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òun là, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Àjàyí ni òun. Ta ni yóò sọ fún àwọn ìyókù? Ní ìran yẹn ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì ń kó àwọn ènìyàn wa bí ẹni kó àgbàdo. Àwọn orúkọ kan wà tí a kò sọ ọmọ mọ́, tí ó jẹ́ pé àgbà méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni ó kù tí yóò gbọ́ ọ tí yóò ní, "Háà, agbo-ilé báyìí ni wọ́n ń jẹ́ ẹ." Ìmọ̀ yẹn kò sí ní Atlanta. Ó ń jókòó sí abẹ́ igi ní Imini, ó ń ta ayò.

Kì í ṣe pé àwọn tiwa kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbì kankan. Láti nǹkan bí ọdún 2015 ni Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè fi orúkọ tí ó mọ̀ kún un. Wikipedia pẹ̀lú wà ní èdè Yorùbá, ẹni tí ó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lè tún un ṣe. Mélòó nínú wa ni ó ti fi ìlà kan kún un?

Ibi tí a bá sì fi sílẹ̀ lófìfo, nǹkan mìíràn yóò kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àròkọ wá fún wa lórí bí a ti tẹ Imini dó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, ó ní ọdún, ó ní orúkọ ọba mẹ́ta. A bi í pé ta ni ó sọ fún un. Ó ní òun bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù ni. A fi orúkọ ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han àgbà méjì ní Imini. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ ni ó ń jẹ, bí kò bá sì rí nǹkan jẹ, ó lè hun ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti WhatsApp, níbi tí ìtàn aláìlórúkọ ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. A kò bú ọmọ náà púpọ̀. Láti ọdún 2009 ni a ti yọ Ìtàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Nàìjíríà, ọdún 2022 ni Ìjọba sì tó kéde pé ó padà. Àwọn ọmọ àárín ọdún wọnnì ni ó wà nínú kíláàsì wa lónìí, tí a ní kí wọ́n lọ máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ owó kò sì lè jẹ́ àwáwí. Ẹgbẹ́ wa yìí kan náà yọ owó fún aṣọ àjọ̀dún ní ọdún tí ó kọjá, a rà á, a wọ̀ ọ́, ó yẹ wá. Ìdá mẹ́wàá owó aṣọ yẹn ìbá ra ohun ìpamọ́ mẹ́ta tí a lè kó ohùn gbogbo àgbà Imini sí: ọ̀kan ní ààfin, ọ̀kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́, kí a tó wá gbé èyí tí àwọn onílé bá yọ̀ǹda sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ní ìpàdé tí ń bọ̀ pé a kò ní in.

Ní ti àwa, a kò dúró de ìbò mọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò wà ní Imini. Kí ẹni tí ó bá ní ìwé àtijọ́, ìwé ilẹ̀, ìwé ìrìbọmi, àwòrán tàbí lẹ́tà bàbá rẹ̀ gbé e wá. A ó ya àwòrán rẹ̀ níṣojú rẹ̀, a ó sì fi í lé e lọ́wọ́ padà kí ó tó dìde lórí ìjókòó.