Níbo Ni Èrò Ìpàta Yóò Sùn?

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa láti ìpàdé oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ kó owó tó wà ní báǹkì jọ, kí a yá òmíràn kún un, kí a fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì olókè mẹ́ta sí ẹ̀bá títì, kí àwọn tí ń kó tòmátì, ata, iṣu àti màlúù wá sí Ìpàta lè rí ibi sùn. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Èrò ń jìyà lóòótọ́. Ẹni tó bá dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ á rí wọn: òmíràn sùn sábẹ́ ọkọ̀, òmíràn sùn lórí àpò ata, àwọn obìnrin ká jọ sábẹ́ ìsọ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n so mọ́ ìdí. Ìdajì kejì, ìyẹn ilé olókè mẹ́ta, ni n kò fara mọ́.

Kì í ṣe òní ni èrò ti ń dé sí Ìlọrin. Kí reluwé tó dé ibí ní ọdún 1908, ìlú yìí ni ọjà ará Hausa àti ọjà ará Yorùbá ti ń pàdé. Oníṣòwò tó ti Òkè Ọya wá kò bèèrè hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹnìkan ló ń bèèrè. Ẹni náà ni àwọn Hausa ń pè ní maigida, baba onílé. Ó fún èrò ní yàrá, ó fún un ní oúnjẹ, ó bá a tọ́jú ẹrù, ó bá a wá oníbàárà, ó sì dúró fún un bí ẹni tó ra ọjà láwìn bá fẹ́ sá lọ. Owó yàrá kọ́ ló ń gbà o. Lórí ọjà tí wọ́n bá tà ló ti ń rí la'ada tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916. Ọ̀mọ̀wé kan, Abner Cohen, gbé ibẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní ọdún 1969. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín èrò àti baba onílé ló gbé òwò obì àti òwò màlúù ró. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: yàrá kọ́ ni wọ́n ń tà, ojú mímọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé etí òkun díẹ̀. Edé àti ẹja yíyan ni mò ń tà, ilẹ̀ Benin, tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì, ni mo sì ti ń rà á. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Grand-Popo, nítòsí ẹnu odò Mono, kò jìnnà sí ààlà Togo. Ìlú òwò pàtàkì ni láyé àtijọ́. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà lọ, àwọn ilé tó kù jókòó sábẹ́ àgbọn. Ibẹ̀ ni mo máa ń sùn bí ọjà bá gbé mi kọjá Kútọnu. Ilé obìnrin kan ni, yàrá mẹ́fà, òkun wà lẹ́yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dáná. Ọkọ rẹ̀ ló ń tún fáànù àti ẹ̀rọ omi ṣe, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣọ́ ẹrù, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kí o tó sọ àpò kalẹ̀ ló ti sọ iye rẹ̀ fún ọ ní séfà, owó yàrá lọ́tọ̀, owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Láàárọ̀ àwọn apẹja á máa fa àwọ̀n ńlá bọ̀ láti inú òkun, èrò rẹpẹtẹ nídìí okùn kan, orin lẹ́nu wọn. Obìnrin yìí á sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn, á ná ẹja lọ́wọ́ wọn, òun náà la ó jẹ lọ́sàn-án. Èmi tí mò ń ta ẹja, n kò tíì jẹ irú rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kankan.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti Lomé dé, ó sùn ọjọ́ méjì, mo sì rí i tó ń ka owó lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu yà mí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni obìnrin náà, ó gbọ́ Yorùbá, ni mo bá bi í pé, "Ìyá, ẹ̀gbọ́n yín náà ń sanwó?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alájà, ẹ̀gbọ́n mi ni nílé bàbá wa. Níbí, èrò ni."

Nígbà tí ìjọba wa ti ààlà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí Sèmè títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí àrùn kòrónà sì tún wọ àárín rẹ̀, ẹ̀rù ilé náà ń bà mí. Mo padà débẹ̀, mo bá a pé ó ti yàrá mẹ́rin pa, ó ń dín ẹja tà lẹ́bàá títì. Kò lé òṣìṣẹ́ kankan, ṣebí kò gba ẹnìkan. Kò jẹ báǹkì ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ọjà là, ó ṣí yàrá rẹ̀ padà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi hòtẹ́ẹ̀lì olókè mẹ́ta wé e. Jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé ààlà tì, èlé báǹkì kò mọ̀ pé èrò kò wá. Ààlà nìkan kọ́ o. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, omíyalé Mokwa pa ènìyàn púpọ̀, ó sì ba ọ̀nà àti afárá jẹ́, lójú ọ̀nà gan-an tí tòmátì ń gbà bọ̀ wá bá wa. Bí a bá ní yàrá ọgọ́ta nígbà yẹn, ta ni ì bá sùn níbẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì á ní àpapọ̀ ènìyàn lè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Scotland, erékùṣù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Gigha, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2002 wọ́n para pọ̀ ra gbogbo erékùṣù náà, tòun ti hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun tó wà lórí rẹ̀, ní mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n owó ìjọba àti owó lọ́tìrì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù kan tí wọ́n ní láti dá padà, wọ́n dá a padà ní ọdún 2004, wọ́n sì ta ilé ńlá kan lára ohun tí wọ́n rà kí owó náà tó pé. Àwa kò ní lọ́tìrì, a kò sì ní ilé ńlá tí a ó tà. Ní àwọn erékùṣù ẹkùn yẹn kan náà, ẹbí ló ń bójú tó púpọ̀ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké etí òkun. Bí òtútù bá dé tí èrò dínkù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn títí ìgbà ọjà á fi padà, bí ìyá Grand-Popo ti ṣe.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn onílé lówó díẹ̀díẹ̀. Yàrá ṣófo ní Gambari àti Òkèlele ju èyí tí a ó lè kọ́ lọ, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó àti Àbújá, eku ló ń gbé ibẹ̀. Mo ní méjì nílé tiwa, n kò sì ní tọrọ owó lórí wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí ara mi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kọ́kọ́rọ́ tó dára, ṣáláńgá tó mọ́, yàrá obìnrin lọ́tọ̀: owó wọn kò pọ̀ jù fún oníle tó ní onídùúró méjì.

Ìṣòro tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹbí fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, baba á ṣí ilé èrò, àna á wá sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n á wá sùn lọ́fẹ̀ẹ́, owó yàrá á bọ́ sínú owó ọbẹ̀, bí baba bá sì kú, wọ́n á pín yàrá bí ẹni pín ẹran. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ má yá ilé kankan lówó àyàfi tí ó bá ní ìwé ìfowópamọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí olórí ẹbí àti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì jọ fọwọ́ sí i pé ẹni tó ń ṣe é ni yóò máa ṣe é títí gbèsè á fi tán. Ẹbí tí kò bá lè fọwọ́ sí i, kí ó máa ṣe àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ bó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Inú á bí àwọn kan. Kò burú.

Ẹ tún lè ní ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àjèjì láyé ajínigbé yìí. Ìbéèrè gidi ni, àwọn maigida sì ti dáhùn rẹ̀ ṣáájú wa: ẹni tí ẹnìkan mọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Àwọn olórí aláta, olórí onítòmátì àti ẹgbẹ́ awakọ̀ mọ àwọn tí ń kó ẹrù wá fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú èrò, kí onílé kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Èrò tí kò ní ìwé, kí ó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ìgboro, wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

Kí ìgbìmọ̀ rìn yíká àwọn agbo ilé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Bí wọ́n bá dé ilé kan, kí wọ́n kọ́kọ́ wo kànga rẹ̀ kí wọ́n tó wo yàrá, nítorí ẹni tó bá gbé ata sọ̀kalẹ̀ láti Kánò, omi ìwẹ̀ ló ń wá kó tó wá bẹ́ẹ̀dì.