Kí A Tó Kọ́ Ilé, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Èèyàn

 

Ní ìpàdé tó kọjá, wọn ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Ariwo pọ̀, wọ́n ní kí àwa tí a ta kò ó jókòó. A ti jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì jókòó. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ síbí, kí gbogbo yín lè kà á kí a tó tún pàdé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ní ká dáwó kọ́ fún àwọn ọmọ wa tí oògùn olóró ti di bárakú fún ni. Wọ́n ti ya àwòrán ilé náà: yàrá mẹ́fà, ògiri gíga, géètì onírin, ọlọ́dẹ méjì. Wọ́n ní bàbá kan wà tí yóò máa bójú tó wọn, pé ọwọ́ rẹ̀ le, pé kò sí ọmọ tó lè yájú sí i. A bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ta ló kọ́ bàbá náà níṣẹ́ yìí? Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ká tó na ọmọ náà, a tún gbọ́dọ̀ lọ yunifásítì ni?"

Ẹ̀rín yẹn là ń fèsì sí.

Gbogbo wa la mọ ohun tí iṣẹ́ kíkọ́ jẹ́. Ọmọ tó fẹ́ di télọ̀ á lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá. Á gbálẹ̀, á lọṣọ, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́ títí, kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Mẹkáníìkì ńkọ́? Onídìrí ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹni tí kò ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, ẹ ò ní gbé aṣọ òkè yín fún un kó gé e. Ẹ ò ní jẹ́ kó tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín. Haba! Ṣé ọpọlọ ọmọ yín wá ni ẹ fẹ́ gbé fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá?

A ò sọ ọ́ láti òkèèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan wà, inú ilé wa ló ti dàgbà. Oògùn ikọ́ oníkódíìnì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí tramadol. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí owó ọjà, àwa fúnra wa la mú un, àwa la gbé e lọ sí ilé kan tí wọ́n júwe fún wa. A ò ní dárúkọ ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, oorun ò kun ojú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jáde. Wọ́n nà án.

Nígbà tó padà sílé, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń kí wa láàárọ̀, gbogbo wa ń dúpẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà sídìí ẹ̀. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló tún lò lẹ́ẹ̀kan náà. Gìrì gbé e ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù wa, lójú àwọn oníbàárà. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ní oṣù mẹ́rin: pé bí èèyàn bá ti fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kì í lè gbé ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gan-an ni ewu pọ̀ jù. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti kìlọ̀ fún ọmọ náà, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwa ará ilé rẹ̀. Ó tún ní gbígbọ̀n àti èébì yẹn kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Ara tí oògùn ti mọ́ lára ló ń béèrè oògùn, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń bá a ṣe.

Ẹ gbọ́ èyí tó dẹ́rù bà wá jù. Ó ní ẹni tó bá ti ń mu ọtí líle bí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá tì í mọ́lé tí wọ́n já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oògùn orun tí àwọn ọmọ ń lò nílòkulò. Ẹ wá wo bàbá ọlọ́wọ́ líle yẹn. Níbo ló ti máa mọ ẹni tó yẹ kó sáré gbé lọ sílé ìwòsàn yàtọ̀ sí ẹni tó yẹ kó jókòó tì? Ojú kan náà ló máa fi wo gbogbo wọn. Pàṣán kan náà ló máa fi nà wọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú sínú ilé tí àwa dáwó kọ́, kí la máa sọ fún ìyá rẹ̀?

Àwọn kan ní àṣejù là ń ṣe. Wọ́n gbàgbé ọdún 2019 ni? Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, tí wọ́n tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀. Àwọn kan wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àpá ẹgba wà lára wọn. Òbí ló gbé púpọ̀ nínú wọn lọ, kí wọ́n lè yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa sọ pé ti Hausa nìyẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Ìbàdàn tiwa níbẹ̀, ọlọ́pàá tú èèyàn 259 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àjọ Human Rights Watch náà gbé ìròyìn jáde lóṣù kan náà lórí àwọn tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà: ọ̀dọ̀ alálùfáà, ilé ìjọsìn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, kódà àwọn ilé ìjọba kan wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ní ìpín nínú ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé àlejò ni wá nílẹ̀ yìí, bó ti wù ká pẹ́ tó. Lóṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àtijọ́ ayé òyìnbó, òfin náà sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Bí ọlọ́pàá bá kan géètì onírin yẹn lọ́jọ́ kan, orúkọ ta ni wọ́n máa bá lára pátákó? Orúkọ ẹgbẹ́ Yorùbá ni o.

Àwọn mìíràn ní ká kúkú kó àwọn ọmọ náà padà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀fà, sí Ìwó, kí wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò. Nínú ìwádìí lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà tí wọ́n pè ní ti ọdún 2018, tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti UNODC jọ ṣe, àwọn tó lo oògùn láàárín ọdún kan jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3. Ní agbègbè Àríwá Ìwọ̀-oòrùn tí Kánò wà, 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, ilé wa, 22.4 ni. Òun ló ga jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ̀ sá kúrò lẹ́nu iná, kó má lọ gbé e sínú ààrò.

Ìwádìí yẹn kan náà ní ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó ń lò ó ni ó ti di àìsàn sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn gba ìtọ́jú. Àwọn tó wá a tí wọn ò rí kò kéré. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n wá a, wọn ò rí. Àwa sì ń sọ pé wọ́n ya ọlọ́rùn líle.

Ìtọ́jú láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ní Aró, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, gbogbo ayé sì wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Yorùbá ló ṣe èyí. Kí ló wá dé tí àwa ọmọ Yorùbá ń ya àwòrán géètì onírin?

Nọ́ọ̀sì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn gbé ìwé kan wá fún wa wò. Ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ń pè ní UTC, àjọ Colombo Plan ló gbé e kalẹ̀, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́jọ: ohun tí oògùn ń ṣe sí ọpọlọ àti ara, ìtọ́jú láti ọjọ́ tó wọlé títí dé ìgbà tó padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀, àìsàn ọpọlọ mìíràn tó máa ń bá a rìn, bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kó lè sọ inú rẹ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣètò ìtọ́jú rẹ̀, bí a ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ohun tí a ń ṣe nígbà pàjáwìrì, àti ìwà tó yẹ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Mẹ́jọ. A wá kòbókò nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a ò rí i.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ìwà, ó dùn wá. Lára rẹ̀ ni pé ohun tí aláìsàn bá sọ fún ọ, o ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Ẹ wo tiwa. Nínú ìpàdé wa, wọ́n ti dárúkọ ọmọ olómọ lójú gbogbo èèyàn rí, ìyá rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ìyá náà ò wá ìpàdé mọ́. Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Ìwádìí náà ní ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń lo oògùn, obìnrin ni. Ṣé ẹ ti rí ọ̀kan tó jáde sọ? Ìtìjú ni ò jẹ́.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àdúrà ńkọ́? Àdúrà dára, àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kán, à ń gbàdúrà, a sì ń wá ẹni tó mọ egungun tò. Ẹ jẹ́ kí àwọn pásítọ̀ àti àwọn alùfáà wa náà wá jókòó kọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá kọ́kọ́ ń sá lọ.

Ẹ máa ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọ́n á sá lọ sí Abuja tàbí òkè òkun. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká kọ́ mẹ́rin, ká má kọ́ ẹyọ kan, ká sì bá wọn ṣe ìwé àdéhùn bí a ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ ṣe. Ká sì máa sanwó fún wọn. Owó ọlọ́dẹ méjì ti wà nínú ètò yín, àbí? Owó olùtọ́jú ni ò sí.

Kí a má sì díbọ́n. Ọlọ́jà ni wá, òótọ́ ò yẹ kó korò lẹ́nu wa. Nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọ̀lú ní ọdún 2018, àwa tí a wà lọ́jà mọ àwọn tó ní in nílẹ̀, a mọ iye tó fò sí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì jèrè níbẹ̀. Àwọn tó kù rí i, a sì dákẹ́. Ìjọba dí ojú ìgò, kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ tó ti mọ́ lára pé báwo ni wọ́n ṣe sùn. Wọ́n bọ́ sórí òmíràn. Gbèsè yẹn wà lọ́rùn wa, kì í ṣe lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ náà.

Ohun tí à ń fẹ́ rèé. Kí a dá ilé kíkọ́ náà dúró. Kí a fi owó tó wà nílẹ̀ rán èèyàn mẹ́rin lọ kọ́ṣẹ́: nọ́ọ̀sì méjì, olùkọ́ kan, àti ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wa tó ti bọ́ nínú ẹ̀, nítorí ẹni tó ti ṣubú sí kòtò mọ bó ṣe jìn tó. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Hausa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Hausa ló yá wọn lẹ́nu, ìyá wọn sì ń sunkún ní Yorùbá. Yàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa tó fún ìbẹ̀rẹ̀, àga mẹ́rin, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Kí ọjọ́ kan wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, kí wọ́n mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí gbogbo ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì nínú ẹgbẹ́ náà wá jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ́lé lẹ́yìn ìyẹn, àwa la máa kọ́kọ́ gbé báàgì símẹ́ńtì.

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní tiwa, ẹni tí a ò kọ́ la fẹ́ gbé ilé àti ọmọ lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ náwọ́ sókè, ẹ rántí àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé. Ire o.