Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ olóròóró, ẹ má fojú di wáìnì funfun

Bí èèyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wa, tó béèrè wáìnì, pupa aládùn ni wọ́n máa gbé síwájú ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹja díndín ló fẹ́ jẹ, ì báà jẹ́ ayamáṣe tí epo ń ṣàn lórí ẹ̀. Tó bá béèrè funfun, wọ́n á ní àwọn kì í tà á, pé ó ti kan jù. Lójú tèmi, owó làwọn èèyàn wa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Kíkan yẹn gan-an ló wúlò. Ṣebí àwa náà la máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja díndín? Òróró máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu, kò sì ní í pẹ́ tí oúnjẹ á fi sú èèyàn. Ohun tó bá kan, tó tún tutù, á jẹ́ kí ẹnu fúyẹ́, oníbàárà á sì tún fẹ́ jẹ sí i. Ìdí nìyẹn tí Sauvignon Blanc àti Chenin Blanc fi bá àkàrà, dòdò àti adìẹ díndín mu. Chenin yìí ni àjàrà tí wọ́n gbìn jù lọ láti fi ṣe wáìnì ní South Africa.

Ata ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún o. Ọtí tó le máa ń dá kún oró ata. Bí ọbẹ̀ yín bá ta gan-an, ẹ wá funfun tó dùn díẹ̀, tí ọtí inú ẹ̀ kò pọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni pé odidi ìgò ni wọ́n fẹ́ tà. Ta ló máa dá jẹun tó máa ra odidi ìgò? Ẹ bù ú tà. Ìgò 750 ml á gba gíláàsì 5 tó jẹ́ 150 ml. Ká ní 10,000 náírà lẹ ra ìgò kan, tẹ́ ẹ ń ta gíláàsì kan ní 3,500, gíláàsì 3 ti dá owó yín padà. Nínú 2 tó kù ni owó yìnyín, epo jẹnẹrétọ̀ àti gíláàsì tó fọ́ ti máa jáde, kẹ́ ẹ tó máa pè é ní èrè. Ìgò tẹ́ ẹ bá ti ṣí, ẹ dé e dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì, kẹ́ ẹ tà á tán láàárín ọjọ́ 3.

Tí kò bá sí iná, ẹ ki ìgò náà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní omi àti yìnyín fún bí ìdajì wákàtí. Yìnyín nìkan kì í tètè mú un tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sáré ra páálí. Ẹ ra ìgò 2 péré, ẹ gbé e síwájú àwọn tó ń jẹ ẹja nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá gíláàsì á padà wá lófìfo.