ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ: Nígbà tí Ojú Kọ̀ǹpútà bá Ṣókùnkùn, tí Ọjọ́ Wáráńtì sì ti Kọjá

Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ohun tí ó níye lórí jùlọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Aṣọ ni a fi ń bò ó, a kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká ti gba ipò náà. Òun ni ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, òun ni bàbá fi ń kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀, òun ni akọ̀wé ìjọ sì fi ń ṣírò owó. Nítorí náà, nígbà tí ó bá kú lójijì, gbogbo ilé ni ìbànújẹ́ a máa bá.

Ìyá kan nínú àwọn òǹkàwé wa kọ̀wé sí wa pé owó àjọ tí òun kó ni òun fi ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ òun. Ọdún kan ni wáráńtì rẹ̀. Ní oṣù kẹrìnlá, ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ojú náà ṣókùnkùn pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni iná ara rẹ̀ ń tàn, fáànù inú rẹ̀ sì ń fẹ́. Ẹni tí ó tà á sọ pé ọjọ́ ti kọjá. Ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ pé òun yóò “fi iná sí i”, yóò sì jí. Ó sì gba ìyá náà nímọ̀ràn pé bí ó bá ti jí, kí ó tètè tà á fún ẹlòmíràn. Ìyá yìí bi wá ní ohun mẹ́ta: Kí ni ó pa ẹ̀rọ náà? Ṣé ẹ̀tọ́ òun ti tán? Ṣé ó tọ́ kí òun ṣe bí ọkùnrin náà ti wí? A ó dáhùn wọn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

OHUN TÍ Ń PA Á

Nínú kọ̀ǹpútà ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀dù. Lórí bọ́ọ̀dù yìí ni ẹ̀rọ kékeré kan jókòó sí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya gbogbo àwòrán tí ojú wa ń rí. GPU ni wọ́n ń pè é. A kò fi ìṣó kàn án mọ́ bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kán òjé tí ó kéré ju orí ìṣó lọ ni ó dì í mú lábẹ́, àwọn mìíràn tí ó tún kéré ju wọ̀nyí lọ sì wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ni a fi ń pè é ní òjé: láti oṣù keje ọdún 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti lé òjé gidi kúrò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun nítorí ìlera ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé tánganran ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi ń jó wọn pọ̀ nísinsìnyí.

Ẹ ti gbọ́ bí páànù òrùlé ti ń dún nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá mú un, àti nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá tù ú lára. Páànù a máa fẹ̀ nínú ooru, a sì máa sún kì nínú òtútù. Igi tí a kàn án mọ́ kì í bá a fẹ̀ bákan náà, nítorí náà, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìṣó a máa tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. GPU a máa gbóná púpọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, a sì máa tutù nígbà tí a bá pa á. Ohun tí a fi ṣe é àti ohun tí a fi ṣe bọ́ọ̀dù kì í fẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, àwọn ẹ̀kán tí ó wà láàárín wọn ni ìyà náà sì ń jẹ. Lẹ́yìn títàn àti pípa lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan a sán bí ìkòkò tí a gbé láti orí iná sínú omi tútù. Ìlà a bẹ̀rẹ̀ sí í hàn; níkẹyìn, ojú a ṣókùnkùn.

KÌ Í ṢE ÀÌTỌ́JÚ ONÍ-NǸKAN NÌKAN

Kí òbí má tètè bá ọmọ wí. Nígbà mìíràn, láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni àbùkù náà ti wá. Ní oṣù keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Nvidia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó lókìkí nínú ṣíṣe GPU, sọ ní gbangba pé díẹ̀ nínú àwọn èyí tí òun ṣe fún kọ̀ǹpútà alágbèéká ń kú ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ohun èlò tí a fi dì wọ́n kò lágbára tó. Ó ya owó tí ó wà láàárín 150 mílíọ̀nù àti 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ọ̀ràn náà. Dell àti HP fi àkókò kún wáráńtì àwọn irú kan nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Apple kéde pé a ti kọ́kọ́ fi dá òun lójú pé kò sí tòun lára wọn, ṣùgbọ́n ìwádìí tí òun fúnra òun ṣe fi hàn pé díẹ̀ nínú MacBook Pro wà níbẹ̀. Ó ṣèlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún méjì láti ọjọ́ tí a rà á, ìbáà jẹ́ pé wáráńtì ti tán. Lẹ́yìn náà ó sún ọjọ́ náà síwájú. Àwọn oníbàárà sì pe Nvidia lẹ́jọ́ ní California, títí a fi dé orí àdéhùn ní ọdún 2010.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2015, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti ráhùn fún ọjọ́ pípẹ́, tí a sì ti pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2014, Apple gbà láti tún díẹ̀ nínú MacBook Pro tí a tà láti ọdún 2011 títí dé 2013 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àrùn ojú yìí kan náà, àti láti dá owó padà fún àwọn tí wọ́n ti sanwó àtúnṣe. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wáráńtì lè tán, kí ilẹ̀kùn má sì tíì tì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn ìlérí wọ̀nyí ní gbèdéke, gbogbo wọn ni ó sì ti dópin. Ẹni tí ó tọ́jú ìwé rẹ̀, tí ó sì béèrè ní àkókò, ni ó jẹ oore wọn.

BÍ ỌJỌ́ BÁ TI KỌJÁ

Wáráńtì jẹ́ ìlérí tí olùṣe tàbí olùtà ṣe fúnra rẹ̀. Òfin ìlú jẹ́ ohun mìíràn, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń parí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní Britain gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 béèrè pé kí ọjà dára tó, kí ó sì pẹ́ tó bí ó ti yẹ irú rẹ̀. Ẹni tí ó tà á ni a ó bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é. A lè gbé ọ̀ràn náà lọ sílé ẹjọ́ títí di ọdún mẹ́fà ní England, tàbí ọdún márùn-ún ní Scotland. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹni tí ó ra ọjà ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018 ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, níbi tí oníbàárà lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bí olùtà bá kọ etí dídi sí i.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má ṣe jókòó sunkún. Ẹ kọ́kọ́ mọ àrùn náà dájú: ẹ fi okùn so kọ̀ǹpútà náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá hàn kedere lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà tàbí okùn rẹ̀ nìkan ni ó bàjẹ́, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti bọ́ọ̀dù. Bí ìlà bá hàn lórí méjèèjì, tàbí tí méjèèjì ṣókùnkùn, a jẹ́ pé GPU tàbí bọ́ọ̀dù ni a ó fura sí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì tú u. Ẹ kọ ìwé pẹ̀lẹ́tù sí olùtà, kí ẹ sì kọ òmíràn sí olùṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tí ìlà kọ́kọ́ hàn, àti nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ náà. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì sí i, kí ẹ sì bi olùṣe bóyá àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan wà fún irú rẹ̀. Oṣù méjì péré ni ó fi kọjá ọdún kan. Àwọn olùtà mìíràn a máa ṣàánú nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bí a bá fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ti iṣẹ́ ọmọ yín tí ó wà nínú rẹ̀, kì í bá GPU kú. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, a lè yọ ibi tí iṣẹ́ wà kúrò, kí a sì kà á lórí òmíràn.

NÍ TI FÍFI INÁ SÍ I

Òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ pé ó lè jí. Bí a bá mú bọ́ọ̀dù gbóná gidigidi, ibi tí ó sán lè tún fara kan ara fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ pé inú GPU fúnra rẹ̀ ni ó ti sán, iná kò wò ó sàn. Yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò padà sí ipò òkú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀dù sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì: ẹ má ṣe dán an wò, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ibi tí a ti ń se oúnjẹ. Àtúnṣe tòótọ́ ni kí a yọ GPU àtijọ́ kúrò, kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ fi wé iye tí kọ̀ǹpútà náà tó lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ iye oṣù tí yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ní ẹ̀rọ àwòrán méjì, bí irú MacBook Pro ọdún 2011 tí ó tóbi. Nínú irú wọn, oníṣẹ́ tí ó mòye lè pa èyí tí ó ń ṣàìsàn, kí a máa fi èkejì ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́.

Nísinsìnyí a dé orí ìbéèrè kẹta, òun ni ó sì wúwo jù. Ṣé ó tọ́ kí a jí òkú ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì tà á bí alààyè? Rárá o. Ẹni tí yóò rà á lè jẹ́ opó tí òun náà fi owó àjọ rà á fún ọmọ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn lọ́wọ́ tirẹ̀ bí ó ti ṣókùnkùn lọ́wọ́ yín, kò sì ní í rí rìsíìtì kankan tí yóò gbé lọ síwájú olùṣe. Omijé tí ẹ sun, ẹ ó ti tà á fún un pẹ̀lú ọjà. Ọlọ́run tí ó kórìíra ìwọ̀n èké lọ́jà ata kórìíra rẹ̀ lọ́jà kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ yìí kì yóò tilẹ̀ lo oṣù kan. Ẹ lè tà á bí òkú, kí ẹ sọ fún ẹni tí ń rà á pé òkú ni. Àwọn oníṣẹ́ ń ra irú rẹ̀ nítorí bátìrì, ojú, àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tí ó ṣì dára. Owó náà yóò kéré, ṣùgbọ́n oorun yóò dùn.

Láti inú irú ọ̀ràn yìí ni kí ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ ti kọ́gbọ́n, ìbáà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn. Ẹ má ṣe sanwó lórí pé ó tàn. Ẹ jẹ́ kí ó fi àwòrán tí ń rìn hàn fún wákàtí kan gbáko. Ẹ bi olùtà bóyá a ti fi iná sí bọ́ọ̀dù rẹ̀ rí. Kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí yóò fi gbà á padà sórí rìsíìtì.

ÌTỌ́JÚ

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí yóò dí ihò tí ó fi ń mí. Lẹ́yìn ìgbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gbọn eruku inú rẹ̀ kúrò. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, kí ọmọ kọ ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sínú fúláàṣì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa pa rẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí wáráńtì yóò tán sórí kàlẹ́ńdà ilé. Nígbà tí ó bá ku oṣù kan, ẹ lo ẹ̀rọ náà dáadáa fún ọjọ́ kan. Bí ẹ bá rí ìlà kan ṣoṣo, ìbáà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí ìlà náà ṣáájú, tí wọ́n ní kí àwọn máa wò ó ná, títí ọjọ́ fi kọjá lórí wọn.

Kí Olúwa bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí a fi èrè àìṣòótọ́ bọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.