Fáìlì Méjì, Orúkọ Kan

Àwáwí kan ti di àṣà láàárín àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé lóde òní. Bí a bá bi ẹnìkan pé kí ni kò jẹ́ kí ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò ní kọ̀ǹpútà ni kò gbà. Yóò ní òun fi àmì sí i lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó wà nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí òun kó iṣẹ́ náà sórí alágbèéká, ńṣe ni ó dàrú: fáìlì kan di méjì, méjì kò sì bára mu. Nítorí náà, kí a kúkú yọ àmì kúrò, kí ara lè tù wá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu òǹkọ̀wé tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò gbà á. Ètò ni a kò ní. Àmì ohùn kò jẹbi, bí a bá sì yọ ọ́ kúrò, ìdàrúdàpọ̀ tí a ń sá fún yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

N kò sọ pé ìṣòro kò sí. Mo mọ ohun tí ó ń sọ ènìyàn di oníkọ̀ǹpútà méjì. Ẹ wo Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714. Ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìgàndò, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ní kọ̀ǹpútà ńlá kan lórí tábìlì nílé, tí ó sì ní alágbèéká kan nínú báàgì. Bí iná mànàmáná bá lọ, ti orí tábìlì kú nìyẹn, àfi bí jẹnẹrétọ̀ bá wà. Alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀, òun ni a ó fi máa bá iṣẹ́ lọ. Bí a bá wọ ọkọ̀ ní Ìgàndò, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìyànà-Ìbà, alágbèéká náà ni a ó ṣí lórí itan. Bí ó bá di pé kí a tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà, a ó fi fúláàṣì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkòtún, ọmọ tí ó wà níbẹ̀ yóò sì tún un ṣe díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ kan ṣoṣo ti wà ní ibi mẹ́ta, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀.

Orúkọ ni ó ń tàn wá jẹ. Ẹgbẹ́dá kan wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹgbẹ́dá mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó tilẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí yóò gba owó lọ́wọ́ èrò tí ó ń lọ sí Ẹgbẹ́dá ti ìhà Ìbàdàn, kí ó já a sílẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ti Èkó, kí ó ní orúkọ ṣáà ni kan náà. Ohun tí awakọ̀ kò jẹ́ dán wò, ọ̀mọ̀wé ń ṣe é lójoojúmọ́. Yóò gbé fáìlì láti orí alágbèéká, yóò dà á bo èyí tí ó wà nílé, nítorí pé orúkọ wọn bára mu. Ojú ìwé mẹ́wàá tí ó kọ nílé lálẹ́ àná á sì ṣègbé.

Ẹni tí yóò bá mú fáìlì méjì bára mu ní láti mọ ohun mẹ́ta: ohun tí ó wà nínú ti ibí, ohun tí ó wà nínú ti ọ̀hún, àti ipò tí àwọn méjèèjì wà nígbà tí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta yìí ni a kì í rántí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti rò ó jinlẹ̀. Ní 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé rsync jáde ní Ọsirélíà. Ibi tí ẹ̀dà méjì ti yàtọ̀ nìkan ni ó ń fi ránṣẹ́, kì í kó odidi. Lẹ́yìn náà ni Benjamin Pierce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ṣe Unison, èyí tí ó ń rántí ìfìmọ̀ṣọ̀kan ìkẹyìn náà. Bí ẹ̀dà kan nìkan bá ti yí padà, Unison yóò mú èkejì bá a mu. Bí méjèèjì bá ti yí padà, yóò dúró, yóò sì bi olówó rẹ̀ pé èwo ni kí òun tẹ̀ lé. Ìbéèrè yìí, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè bá wa dáhùn rẹ̀.

Àwọn kan ní kí a máa fi ọjọ́ àti aago dájọ́, kí èyí tí a kọ kẹ́yìn borí. Ó jọ àṣà wa, nítorí Kẹ́hìndé tí ó kẹ́yìn dé ni a kà sí ẹ̀gbọ́n Táíwò. Ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí ìbí náà? Bí a bá ti pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì róbótó kékeré kan ni ó ń gbé aago inú rẹ̀ ró. Ọjọ́ tí bátìrì náà bá kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago náà yóò padà sí ọjọ́ kan láyé àtijọ́. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, iṣẹ́ àná lè gba ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, kí ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá sì jókòó lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí àmì ohùn. Ní àwọn ọdún 1990, ẹjọ́ àwọn tí ó ń ráhùn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà náà, fọ́ǹtì wa máa ń fi lẹ́tà Yorùbá sí ipò àmì mìíràn. Bí fáìlì bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, wúruwùru ni a ó rí. Unicode, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ti wá fún ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn. Kò fún ẹ́ tàbí ọ́ ní ipò odidi. Ńṣe ni a ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà to ọ́: kí a mú ọ kí a gbé àmì lé e, kí a mú ó kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí a mú o lásán kí a kọ́kọ́ fi ti ìsàlẹ̀ sí i, tàbí kí a kọ́kọ́ fi ti òkè sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́, mẹ́rin ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kọ̀ǹpútà Apple máa ń tú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ká nínú orúkọ fáìlì, nígbà tí Windows ń fi í sílẹ̀ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Fáìlì tí ó ń jẹ́ “Ọ̀rọ̀” lè ti ọ̀kan lọ sí èkejì, kí ó padà wálé bí àlejò, kí ó sì jókòó ti ara rẹ̀.

Àrùn yìí ní ìwòsàn. Unicode fúnra rẹ̀ ní òfin tí ó ń sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Ohun tí ó kù ni kí a yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan, kí a lò ó lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, kí a sì yan ètò tí ó ń pa òfin náà mọ́. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Ẹ wá wo oògùn tí àwọn alátakò mi gbé wá. Ká ní mo ní fáìlì mẹ́rin: ọ̀kan lórí ogun Kírìjì, ọ̀kan lórí ogún pínpín, ọ̀kan lórí Ògún, ọ̀kan lórí odò Ògùn, tí mo sì fi ohun tí ó dá lé sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ẹ yọ àmì kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di “Ogun”. Bí mo bá kó wọn jọ sínú fódà kan, tí mo kánjú dá ẹ̀rọ lóhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni”, èyí tí ó dé kẹ́yìn yóò pa mẹ́ta yòókù rẹ́. Àmì tí wọ́n ní ó ń fa ìjà yìí gan-an ni ó ń là wọ́n. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ fáìlì, kí ni kò ní ṣe sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Ẹni tí yóò ka ìwé náà ní ọgbọ̀n ọdún òní kò ní rí wa bi.

Àwọn mìíràn ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí Dropbox tàbí Google Drive máa bójú tó o. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n owó ni dátà, bí nẹ́tíwọọ̀kì bá sì dákú, kọ̀ǹpútà méjèèjì yóò máa yí padà láìmọ̀ nípa ara wọn. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀tọ̀ ni ìbáramu, ọ̀tọ̀ ni ìpamọ́. Ètò tí ó ń mú ẹ̀dà méjì dọ́gba ń mú wọn dọ́gba nínú ìparun pẹ̀lú: ohun tí ọmọdé bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí tábìlì, yóò pa á rẹ́ lórí alágbèéká. Ní 1862, iná jó ilé Samuel Ajayi Crowther ní Èkó. Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti tẹ̀ jáde ní 1843, tí ó sì tún tẹ̀ ní 1852, kò parun, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ ti tàn káàkiri. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ lẹ́yìn ìgbà náà ni iná jó. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìwé tí ó jó kì í bu ẹwà sí ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọgbọ́n yìí ṣe àjèjì sí wa. Orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ babaláwo ni ẹsẹ Ifá wà, ní ìlú tí ó jìnnà síra. Bí awo kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń kì í bí ó ti yẹ, wọn yóò máa hin. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò dá a dúró. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gé ẹsẹ náà kúrú kí àṣìṣe lè dín kù. Ìpàdé ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju èyí lọ. Kí a pinnu èyí tí yóò jẹ́ olórí nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì. Kí a mú wọn bára mu lójoojúmọ́ kí a tó sùn, kí ó má di ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Kí a ní ẹ̀dà kẹta tí kò gbé inú ilé kan náà, tí a kì í fọwọ́ kàn lásán. Kí a sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan orúkọ fáìlì. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìwọ̀nyí, kí ó sọ pé ó rẹ òun. Kí ó má ṣe ní èdè Yorùbá ni kò bá kọ̀ǹpútà mu.